Láti Mápó dé Ìtòkú: bí ẹ ṣe lè to ìjáde àti ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Wọ́n á dá owó, wọ́n á rán aṣọ ẹgbẹ́, bọ́ọ̀sì á gbé wọn lọ síbì kan, wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á ya fọ́tò, ó di ilé. Kò burú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi wọ́n lóṣù tó tẹ̀lé e pé kí ni wọ́n rí, ìrẹsì ni wọn ó kọ́kọ́ rántí. Ìjáde tí ẹ̀kọ́ bá ṣáájú, tí iṣẹ́ ọwọ́ sì tẹ̀lé, ni kì í tètè parẹ́ lọ́kàn. Nítorí náà, ètò kan ṣoṣo la mú níbí, a sì tọ̀ ọ́ délẹ̀: ẹgbẹ́ kan n'Íbàdàn, èèyàn ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ nípa àdìrẹ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àdìrẹ? Ìbàdàn ní àwòrán àdìrẹ tirẹ̀, Ìbàdàndùn ni wọ́n ń pè é. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, ni àwọn ìyá aláàdìrẹ yà sínú rẹ̀, wọ́n sì fi ṣíbí sáàárín òpó kan sí èkejì. Ohun tí ẹ lè lọ fojú rí nígboro ló wà lára aṣọ yẹn, aṣọ yẹn sì lè wà nínú àpótí ìyá ọmọ ẹgbẹ́ yín títí di òní. Ẹgbẹ́ tó wà nílùú mìíràn lè fi iṣẹ́ àdúgbò tiwọn dípò: aṣọ òfì n'Ísẹ́yìn, ìkòkò mímọ n'Ílọrin.

Ohun tí ẹ ó béèrè kí ẹ tó dá ọjọ́

Ẹ má béèrè é lójú ìpàdé. Kò sí àgbà tó máa dìde láàárín èrò pé òun kì í lè mú ìtọ̀ dúró fún wákàtí kan. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé, kó kọ nǹkan wọ̀nyí sí i: àtẹ̀gùn mélòó ló lè gùn kó tó sinmi, báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó wá ilé ìtọ̀, oògùn wo ló ń lò àti aago mélòó, oúnjẹ tàbí oògùn wo ni ara rẹ̀ kọ̀, nọ́ḿbà ọmọ tàbí ìbátan méjì tó máa ń gbé fóònù. Kó fi í sínú àpò ìwé, kó lẹ̀ ẹ́, kó kọ orúkọ sí i lẹ́yìn. Olùtọ́jú nìkan ló ń mú àwọn àpò ìwé náà dání lọ́jọ́ ìjáde, wọ́n sì ń padà sọ́wọ́ oníkálukú nírọ̀lẹ́. Ẹ má gbé e sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Àìsàn ẹni kì í ṣe ìròyìn.

Ìwé yìí ló máa pinnu ibi tí ẹ ó lọ. Tí ìdajì ẹgbẹ́ kò bá lè gùn ju àtẹ̀gùn ogún lọ, ẹ má fi orí òkè ṣe olórí ètò.

Ní ti ọjọ́, Wednesday tàbí Thursday ló dára jù: kò sí Jímọ̀, kò sí òde Sátidé, ojú ọ̀nà sì fẹ́ẹ̀rẹ́. Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ tí ìjọba bá pe àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì fún àyẹ̀wò ìwé, torí ìdajì èèyàn yín á lọ tò síbẹ̀. Oṣù November ni a máa ń yàn fún ibi tó ní àpáta: òjò ti lọ, ọyẹ́ kò tíì le, òkúta kò sì yọ̀. Ní March, oòrùn á kọ́kọ́ bá wọn jà kí wọ́n tó débẹ̀.

Owó: ibi tí akápò ti máa ń gbèsè

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á fi iye ìjókòó pín owó ọkọ̀. Ká ní bọ́ọ̀sì oníjòókòó 28 jẹ́ ₦200,000. Ẹ pín in sí 28, ó di nǹkan bí ₦7,143 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ ìjáde, èèyàn 20 ló dé. Owó tó wọlé jẹ́ ₦142,860, ₦57,140 sì di gbèsè akápò. Orúnkún á dun ẹnì kan, ọmọ ẹlòmíràn á bímọ, òjò á kọ ẹnì kẹta. Ẹ ti mọ̀ pé á rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi 20 pín in, kó jẹ́ ₦10,000. Tí èèyàn bá lé, owó tó ṣẹ́kù á ra aṣọ àti aró ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún.

Owó ọkọ̀ kì í ṣe èyí tí à ń dá padà. Owó oúnjẹ àti ẹnu ọ̀nà lè padà tí èèyàn bá sọ ṣáájú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kọ èyí sílẹ̀ kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ kan. Ẹ ti ìforúkọsílẹ̀ pa ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kẹ́ ẹ sì fi ìdá mẹ́wàá gbogbo ìnáwó pamọ́ fún ohun àìròtẹ́lẹ̀, bíi táyà àti oògùn.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: aṣọ inú àpótí

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni kẹ́ ẹ pè é, kó má ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, kẹ́ ẹ sinmi lẹ́ẹ̀kan láàárín. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, orun ló máa kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ìjókòó tó ní ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe bẹ́ǹṣì.

Ẹ ti sọ fún wọn ṣáájú pé kí wọ́n tú àpótí aṣọ nílé, kí wọ́n mú àdìrẹ àtijọ́ kan wá, ì báà jẹ́ àjákù. Ẹ pín wọn ní méjì-méjì. Ẹnì kan á béèrè, ẹnì kejì á dáhùn: ta ló ni aṣọ yìí? Níbo ló ti rà á, àbí ta ló fún un? Kí ni wọ́n yà sí i? Kí ẹni tó ń béèrè fi fóònù gba ohùn sílẹ̀. Ẹ gbé fóònù sí ìwọ̀n rúlà kan sí ẹnu, kẹ́ ẹ sì pa fáànù, torí ariwo fáànù ló ń ba ohùn jẹ́ jùlọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí aago sì wà lórí tábìlì: kò sí ẹgbẹ́ tí kò ní bàbá kan tí ìtàn rẹ̀ lè jẹ ìpàdé tán.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ mẹ́ta. Àdìrẹ oníko ni èyí tí wọ́n fi ìko dì. Alábẹ́rẹ́ ni èyí tí wọ́n rán kí aró má wọlé. Ẹlẹ́kọ ni èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ yà, ẹ̀kọ tí wọ́n fi láfún àti álọ́ọ̀mù díẹ̀ sè. Ìbàdàndùn wà lára ẹlẹ́kọ. N'Íbàdàn, àwọn obìnrin ló máa ń fi ìyẹ́ adìẹ yà á lọ́fẹ̀ẹ́ ọwọ́. L'Ábẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin máa ń gé àwòrán sára páànù, wọ́n á wá fi ẹ̀kọ gba orí rẹ̀ kọjá. Ìyàtọ̀ yìí ni ìbéèrè tí wọ́n máa gbé dání lọ sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ tó wà l'Ábẹ́òkúta.

Ọ̀sẹ̀ kejì: Mápó

Ẹ kọ̀wé sí àwọn alábòójútó gbọ̀ngàn náà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, torí ayẹyẹ máa ń wà níbẹ̀. Kí ọkọ̀ gbé wọn gun òkè dé àgbàlá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ gùn ún láti ìsàlẹ̀ Ọjà'ba. Aago mẹ́sàn-án kí oòrùn tó mú. Ẹ gbé ìjókòó oníke mẹ́wàá dání.

Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bébà kan àti pẹ́ńsùlù kan, kó ya òpó méjì àti àlàfo tó wà láàárín wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Àwọn kan á sọ pé àwọn kò mọ àwòrán yà láti ilé ìwé. Ẹ fún àwọn yẹn ní iṣẹ́ mìíràn: kí wọ́n ka òpó tó wà níwájú gbọ̀ngàn, kí wọ́n ka tara aṣọ, kí wọ́n wá sọ bóyá ìyá aláàdìrẹ purọ́. Ẹ ó rí i pé àwọn wọ̀nyí ni yóò jiyàn jù. Tí ara bá gbé wọn, ẹ kí wọn ní mesí Ọ̀gọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ oríkì Ìbàdàn kì í, ẹ sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: fóònù

Òfin kan ṣoṣo ló ṣe pàtàkì nínú kíláàsì yìí: ọwọ́ olùkọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tó bá gba fóònù lọ́wọ́ ìyá àgbà, tó ṣe é wéré, tó dá a padà, kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Olùkọ́ kan sí àgbà mẹ́rin, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ lẹ́tà inú gbogbo fóònù di ńlá nínú ètò rẹ̀. Ìka àgbà sábà máa ń gbẹ, ojú fóònù kì í sì tètè mọ̀ ọ́n. Ẹ fi aṣọ tútù nu ìka díẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń tẹ̀ ẹ́ pẹ́ jù, fóònù á sì ṣe ohun tí wọn kò rán an. "Ẹ kàn án bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ gbígbóná wò" ni ọ̀rọ̀ tó máa ń yé wọn.

Ohun mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ kọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Àkọ́kọ́, yíya fọ́tò aṣọ: kí oòrùn wà lẹ́yìn ẹni tó ń yà á, kí fóònù dúró tààrà lókè aṣọ. Èkejì, fífi ibi tí èèyàn wà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, èyí tó ń bá èèyàn rìn; ìṣẹ́jú 15, wákàtí 1 àti wákàtí 8 ló wà níbẹ̀, wákàtí 8 ni kí wọ́n yàn lọ́jọ́ ìjáde. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn gbájúẹ̀. Kóòdù onídíjíìtì mẹ́fà tí WhatsApp bá fi ránṣẹ́, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, kódà kó jẹ́ pé fóònù ọ̀rẹ́ yín ló fi béèrè, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gba ti ọ̀rẹ́ yẹn náà. Ilé ìfowópamọ́ kì í pe èèyàn béèrè PIN. Ẹ bá wọn tan ìdáàbòbò onípele méjì ti WhatsApp lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n kọ nọ́ḿbà ìkọ̀kọ̀ náà sínú ìwé tó wà nílé, kì í ṣe sẹ́yìn fóònù.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: Abẹ́òkúta

Nǹkan bíi kìlómítà 75 sí 80 ni, ojú ọ̀nà Ọmí-Àdió àti Òdèdá. Kí ẹnì kan ti lọ ibẹ̀ ṣáájú ní ọ̀sẹ̀ kan. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti wo ohun tó dára. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń wá: èyí tó ní omi, tó ní ilẹ̀kùn tó ń tì, tí ìjókòó rẹ̀ kò bá ilẹ̀ pọ̀. Kó kọ orúkọ ilé epo méjì tó rí i sílẹ̀, kó bá wọn sọ̀rọ̀. Kó sì béèrè ní àpáta Olúmọ bóyá ẹ̀rọ agbéniròkè ń ṣiṣẹ́; kẹ́ ẹ tún pè ní ọjọ́ kan ṣáájú, torí pé ó ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá kò sọ pé á ṣiṣẹ́ lọ́la.

Ọkọ̀ ojú irin náà wà láti Mọ́níyà, tó ń dúró ní Láderin l'Ábẹ́òkúta, ó sì rọ ẹ̀yìn lọ́rùn ju ojú títì lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àsìkò ọkọ̀ ló máa darí yín, kì í ṣe ẹ̀yin: tí ẹ bá pẹ́ ní Ìtòkú, ó ti lọ. Ẹ tún nílò ọkọ̀ láti ilé dé Mọ́níyà àti láti Láderin dé ìgboro. Ẹgbẹ́ tó bá ń jáde fún ìgbà àkọ́kọ́, kó gba bọ́ọ̀sì.

Kí bọ́ọ̀sì gbéra ní aago méje ààbọ̀. Àwọn ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé: àpótí onígi kan tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, gíga rẹ̀ tó ogún sẹ̀ǹtímítà, torí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ bọ́ọ̀sì ga ju orúnkún ọ̀pọ̀ àgbà lọ, ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà oníkóró, omi tó tó lítà kan àbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bébà ìnùdí, ìwé orúkọ méjì. Àwọn tí orúnkún ń dùn á jókòó níwájú, ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti lè na ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ ní gbangba. Ọ̀pọ̀ tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀ kì í lò ó láàárọ̀ ìrìn àjò, wọn kì í sì í mu omi, kí wọ́n má bàa dá ọkọ̀ dúró. Láàárín ọ̀sán, òòyì á kọ́ wọn. Ẹ sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí wọ́n bi dókítà wọn léèrè àsìkò tí wọ́n lè lò ó lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ sì ṣèlérí pé ọkọ̀ á dúró ní wákàtí wákàtí, ẹnikẹ́ni ì báà béèrè tàbí kó má béèrè. Tí gbogbo èèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀, ojú kò ní ti ẹnì kankan.

Ìpín iṣẹ́: aṣáájú kan, akẹ́yìn kan tí kì í kọjá ẹni tó ń rìn lẹ́yìn jù, olùtọ́jú kan (nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì kì í wọ́n nínú ẹgbẹ́), akápò kan. Gbogbo èèyàn ní ẹnìkejì. Tí ẹ bá fẹ́ kà wọ́n, ẹ má ka orí, ẹ béèrè pé, "Ta ni kò rí ẹnìkejì rẹ̀?" Ó yá ju kíkà lọ, kì í sì í ṣìnà.

Olúmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kí òkúta tó gbóná. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn tẹ̀dó sí ní 1830. Afinimọ̀nà á fi ihò tí wọ́n sá pamọ́ sí lásìkò ogun hàn yín, àti ojú ibi tí wọ́n ti ń lọ nǹkan lórí àpáta. Kí ó dúró níbi òjìji, kó kọjú sí wọn, kí àwọn tí kì í gbọ́rọ̀ dáadáa wà níwájú. Àgbà tí kò gbọ́rọ̀ á kàn máa mi orí, ẹ̀yin á rò pé ó ń gbádùn ara rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ti ń dàrú ni àwọn tí kò lè gùn. Wọ́n á fi wọ́n sílẹ̀ sídìí mọ́tò pẹ̀lú gúgúrú. Ẹ má ṣe é. Ìtòkú kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ̀ lọ síwájú, kí wọ́n bá ìyá aláàdìrẹ kan tàbí méjì tó múra láti ṣàlàyé sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Ní ọ̀sán, àwọn ni yóò máa fi ọ̀nà han àwọn tó gun òkè.

Oúnjẹ ní aago méjìlá, kó pẹ́ jù ní ààbọ̀, nítorí àwọn alátọ̀gbẹ. Láfún àti ewédú dára níbẹ̀. Láfún tí wọ́n ń jẹ yẹn náà ni wọ́n ń sè di ẹ̀kọ àdìrẹ, ẹ rántí sọ ọ́ kí wọ́n tó fọ ọwọ́.

Ní Ìtòkú, ẹ pín wọn ní márùn-ún márùn-ún. Àdìrẹ àtẹ̀jáde ẹ̀rọ pọ̀ níbẹ̀, ó sì ń dán ju ti ọwọ́ lọ lójú. Ẹ kọ́ wọn bí wọn ó ṣe mọ̀ ọ́n: ẹ wá igun mérin-mérin méjì tó ní àwòrán kan náà lára aṣọ, ẹ fi wọ́n wéra. Tí ilà kan kò bá yẹ̀ láti èyí dé èyí, ẹ̀rọ ló ṣe é. Kò sí ọwọ́ tó ń ya òpó méjì bákan náà. Ẹ fi aṣọ funfun tútù nu ún pẹ́pẹ́: àdìrẹ tuntun aláró máa ń yọ díẹ̀. Kẹ́ ẹ má ra ohunkóhun ní ìdajì wákàtí àkọ́kọ́. Ẹ gbéra ní aago mẹ́ta, kí ilẹ̀ má ṣú yín sọ́nà.

Tí àgbà alátọ̀gbẹ bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, ẹ fún un ní kóró ṣúgà mẹ́ta sí mẹ́rin tàbí ìdajì ife ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ tún fún un tí kò bá tíì sàn. Tí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá ṣubú, ẹ má tètè fà á dìde. Ẹ béèrè ibi tó ń dùn ún. Nọ́ḿbà pàjáwìrì ni 112. Ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún: dídì

Ẹ ra yáàdì mẹ́fà aṣọ funfun olówùú tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìǹṣì 45. Ẹ yọ fọ́nrán kan, ẹ fi iná sun ún: òwú á jó bíi bébà, á di eérú, tó bá yọ́, tó di kóró líle, ọ̀rá wà nínú rẹ̀, aró kò ní mú un. Ẹ fọ aṣọ náà pẹ̀lú ọṣẹ kí oje inú rẹ̀ lè jáde. Tó bá gbẹ, ẹ gé e sí sẹ̀ǹtímítà 45 ní gígùn àti fífẹ̀. Ojú ìlà kan á mú méjì jáde, ìlà mẹ́wàá á fún yín ní ogún, èyí tó ṣẹ́kù létí ni wọn ó fi dánra wò.

Ẹ rẹ ìko sómi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fi àgbàdo tàbí òkúta kékeré sábẹ́ aṣọ, ẹ fún un lọ́rùn, ẹ yí ìko po lẹ́ẹ̀mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ẹ tó so ó. Tó bá dẹ̀, aró á wọlé, ohun gbogbo á dúdú. Àwọn tí oríkèé ìka ń dùn lè lo rọ́bà. Èyí tó bá wù wọ́n láti fi ẹ̀kọ yà, ẹ sẹ́ láfún dáadáa kí ẹ tó sè é, torí kóró kan ṣoṣo máa ń ba ilà ìyẹ́ jẹ́. Àwòrán tí wọ́n yà ní Mápó ni kí wọ́n tẹ̀ lé.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà: aró

Ẹ má po aró fúnra yín. Kọ́síìkì, èròjà líle tí wọ́n ń pò mọ́ aró, máa ń jó ara, òórùn àwọn èròjà náà sì máa ń ni àwọn oníkọ́ fée lára. Ẹ gbé aṣọ lọ bá aláró, kí ẹgbẹ́ jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń ti ọ̀dọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ ìkòkò. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀: aṣọ á jáde ní àwọ̀ ewé, á sì máa di búlúù lójú wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kàn án. Ìgbà mẹ́ta ni kí aláró rì í, kó máa fẹ́ atẹ́gùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín. Àwọn tó bá kánjú rì í lẹ́ẹ̀kan á gba aṣọ tó ṣì.

Fún ìjáde tó kàn, ẹ tún padà sídìí ìwé pélébé yẹn. Ilé-Ifẹ̀ rọ orúnkún lọ́rùn: Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́bàá ààfin kò ní òkè. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005, ní ère tí Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger) àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ṣe; ẹ má lọ lóṣù August àfi tí ẹ bá fẹ́ èrò. Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìpele àkọ́kọ́ omi náà ti tó àgbà.

Kí akápò ka ìṣirò owó kó tó pé ọjọ́ mẹ́wàá, pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹ gbé aṣọ ogún náà kọ́ sára ògiri fún ìpàdé kan kí oníkálukú tó gba tirẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú omi tútù; ẹ tẹnu mọ́ èyí gan-an fún àwọn bàbá, kí wọ́n má lọ dà á pọ̀ mọ́ agbádá funfun.